Max Brand ò gbáyé rí, àmọ́ ìwé tó kọ ò lóǹkà

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà máa wá a kiri lásán, kò sẹ́ni tó ń jẹ́ Max Brand. Orúkọ yẹn wà lára ìwé rẹpẹtẹ, ó wà lára fíìmù, ó wà lára magasíìnì àtijọ́ tí bébà wọn ti ń rún mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, àmọ́ ẹni tó jókòó tó ń kọ gbogbo ẹ̀ ń jẹ́ Frederick Schiller Faust, ọmọ tálákà kan tí wọ́n bí sílùú Seattle lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1892. Kì í sì í ṣe Max Brand nìkan o. George Owen Baxter, òun ni. David Manning, òun ni. Evan Evans, John Frederick, Peter Henry Morland, George Challis, Frederick Frost, òun náà ni gbogbo wọn. Orúkọ tó lò tó nǹkan bí ogún. Àwọn tó fara balẹ̀ ṣírò iṣẹ́ ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tó kọ á tó mílíọ̀nù 25, àwọn míì ní ó tó 30, ẹ sì rántí pé táípùráítà ló ń tẹ̀, kò sí kọ̀ǹpútà, kò sí pé o ṣi nǹkan kọ kóo kàn tẹ bọ́tìnì kan kó pa rẹ́.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọkùnrin yìí lórí fóònù mi, torí àwọn ìwé tó kọ́kọ́ kọ ti bọ́ lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ní Amẹ́ríkà, Project Gutenberg, ilé ìkàwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, sì ti kó ọ̀pọ̀ síta lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó máa ń bí mi nínú nínú ohun táwọn èèyàn ń sọ nípa ẹ̀ ni pé ọ̀nà méjì péré ni wọ́n ń gbà sọ ọ́. Àwọn kan á máa ka iye, ìwé báyìí, ọ̀rọ̀ báyìí, bí ẹni pé òṣìṣẹ́ ilé búlọ́ọ̀kù ni. Àwọn kejì á máa káàánú ẹ̀, wọ́n á ní akéwì ni, ebi ló sọ ọ́ di oníṣòwò, ó ṣe é láàánú. Èmi ò sí níbẹ̀. Mo ti ka àwọn ìtàn yẹn, mo sì ti ka díẹ̀ nínú ewì ẹ̀, ewì tí ọkùnrin yìí ń wá kiri láyé ẹ̀ gbogbo, inú ìtàn kábọ́ì yẹn gan-an ló wà, òun fúnra ẹ̀ ni ò fẹ́ gbà pé ibẹ̀ ló wà.

Ká tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá kú, ìyá kú, ọmọdé ló ṣì wà nígbà yẹn. Ọwọ́ ẹbí kan sí ọwọ́ ẹbí kejì ló dàgbà sí ní àfonífojì San Joaquin ní California, oko olóko ló ti ń ṣiṣẹ́ jẹun, ó ń kó koríko, ó ń tọ́jú ẹran, oòrùn ibẹ̀ kì í ṣeré. Nǹkan tó gbà á là ni ìwé kíkà. Ìtàn Ọba Arthur àtàwọn jagunjagun ẹ̀, Shakespeare, àwọn ará Gíríìsì àtijọ́, gbogbo ẹ̀ ló gbé mì. Ẹ fi èyí sọ́kàn torí a máa padà sí i: ọmọ òrukàn tó ń fi ọjọ́ kó koríko tó ń fi alẹ́ ka ìjà Troy. Téèyàn bá mọ ìyẹn nìkan nípa ẹ̀, ó ti mọ ìdajì ìwé tó kọ kó tó ṣí wọn.

Ó wọ yunifásítì California ní Berkeley. Àwọn ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń tẹ̀ jáde níbẹ̀, òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ń kọ wọ́n kún, ewì, eré, àwàdà. Àmọ́ ó tún ń mutí, kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ kíláàsì, ẹnu ẹ̀ sì mú, nígbà tó di 1915 tó yẹ kó gboyè, ààrẹ yunifásítì náà, Benjamin Ide Wheeler, ní kò ní gbà á. Bó ṣe jáde láìní sáítífíkéètì nìyẹn. Ogun àgbáyé àkọ́kọ́ sì ti ń lọ ní Yúróòpù, Faust sì rò pé ogun yẹn lòun máa bá lọ, pé jagunjagun inú ìwé lòun máa dà, ó wọkọ̀ ojú omi lọ Hawaii, ó dé Kánádà, ó forúkọ sílẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun wọn. Wọn ò kó o lọ síbì kankan. Ó wà ní bárékè, ó ń ṣe lẹ́fíráìtì, ó sú u, ó bá ẹsẹ̀ ẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò rójú ogun yẹn rárá títí tó fi parí, ó sì dùn ún wọra, ọ̀rọ̀ yẹn máa gbẹ̀san lára ẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

New York ló gbà lọ. Ebi. Níbẹ̀ ló ti pàdé Robert H. Davis, olóòtú nílé iṣẹ́ Frank Munsey. Fún ẹni tí ò bá mọ̀, Munsey yìí ló sọ magasíìnì tó ń jẹ́ Argosy di ìtàn àròsọ pátápátá ní 1896, tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tó pọ́ọ́kú jù lọ, bébà tí wọ́n fi igi lílọ̀ ṣe, tó rí gbágungbàgun, tí kì í pẹ́ tó fi ń pọ́n, kí owó ẹ̀ lè wálẹ̀ kí ọmọọṣẹ́ àti ọmọ ọ̀dọ̀ lè rí i rà. Sẹ́ǹtì 10, sẹ́ǹtì 15. Kò sí tẹlifíṣàn, rédíò pàápàá ò tíì wọlé àwọn èèyàn. Téèyàn bá ti ibi iṣẹ́ dé tó fẹ́ gbàgbé ọ̀gá ẹ̀, òun ló máa rà. Bí wọ́n ṣe máa ń pìtàn bí Davis ṣe gba Faust síṣẹ́ ni pé ó sọ ìtàn kan fún un lẹ́nu, ó fún un ní bébà, ó ní kó lọ síbi tí táípùráítà wà nínú ilé kan náà, Faust sì gbé ìtàn tó ti parí padà wá lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Ní 1917 ló bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú All-Story Weekly. Ọdún yẹn náà ló fẹ́ Dorothy Schillig, ọmọbìnrin tó ti ń fẹ́ láti Berkeley, ọdún yẹn náà sì ni Amẹ́ríkà gbé ìbọn sí Jámánì. Orúkọ tó ń jẹ́ Faust, tí Schiller tún wà láàárín ẹ̀, ẹ ò rí i pé kò dáa láti gbé e sẹ́yìn ìwé nígbà yẹn? Max Brand bá jáde. Ó kúrú, ó rọrùn láti pè, ó dà bí orúkọ ẹni tó lè gun ẹṣin.

Ẹni tó ní orúkọ náà ò sì mọ nǹkan púpọ̀ nípa ẹṣin kábọ́ì, ẹ jẹ́ ká má purọ́. Oko ló mọ̀, kì í ṣe aṣálẹ̀ àwọn òfin-ò-sí. Nígbà yẹn Zane Grey tó ń kọ ìtàn kábọ́ì ló gba ọjà, bàbá yẹn dókítà eyín ni tẹ́lẹ̀, ó máa ń lọ síbẹ̀ ó máa ń wo òkè ó máa wo àfonífojì ó máa ṣe àlàyé àwọ̀ òkúta títí tí o fi máa fẹ́ sùn. Davis fẹ́ kí òun náà ní tiẹ̀. Faust bá kọ The Untamed, ó jáde díẹ̀díẹ̀ nínú All-Story Weekly ní 1918, ó di ìwé ní 1919, òṣèré Tom Mix sì fi ṣe fíìmù ní 1920.

Ẹ jẹ́ n dúró lórí èyí díẹ̀. Dan Barry ni wọ́n ń pe ọmọ inú ìtàn náà. Olóko kan tó ń jẹ́ Joe Cumberland ló rí i nígbà tó wà lọ́mọdé, ó ń dá rìn láàárín aṣálẹ̀, ó ń súfèé, ó ń tẹ̀ lé àwọn pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ tó ń fò lọ lókè. Kò sẹ́ni tó mọ ìyá ẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ bàbá ẹ̀. (Ẹ rántí ọmọ òrukàn tí mo ní ká fi sọ́kàn.) Ó dàgbà tán, ohùn ẹ̀ rọ̀, ojú ẹ̀ dà bí ojú ọmọbìnrin, kì í bá èèyàn jà. Àwọn méjì péré ló ń bá a rìn, ẹṣin dúdú kan tó ń jẹ́ Satan tí ẹlòmíì ò lè gùn, àti ajá kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìkookò tó ń jẹ́ Black Bart. Wọ́n wà nílé ọtí lọ́jọ́ kan, ògbólógbòó olè kan tó ń jẹ́ Jim Silent gbá a lẹ́nu. Ẹnu ẹ̀ là. Ó tọ́ ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀ wò. Ojú ẹ̀ bá yí padà, ó yọ pupa rúsúrúsú, ó ń tàn bí ojú ẹranko tí iná mọ́lẹ̀ sí lóru, láti ìgbà yẹn kò sí nǹkan míì láyé ẹ̀ mọ́, àfi kó wá Jim Silent kàn. Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́, Kate ọmọ Cumberland tó fẹ́ fẹ́ ẹ ń sunkún, kò gbọ́. Ìgbà tó rẹ́yìn ọ̀tá ẹ̀ tán, tí gbogbo ayé rò pé ìgbéyàwó ló kàn, àwọn pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ yẹn tún fò kọjá, ó gbọ́ ohùn wọn, ó sì tẹ̀ lé wọn lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ka ìtàn Gíríìsì rí, ta nìyẹn? Achilles ni, jagunjagun ìjà Troy yẹn! Ìbínú kan ṣoṣo tó gba gbogbo ìwé, ẹṣin tó ju ẹṣin lọ, ọkùnrin tí èèyàn ò lè bá sọ̀rọ̀ nígbà tí nǹkan náà bá gùn ún. Kò sí màlúù níbẹ̀ o. Mo mọ̀ pé ó dà bí àwàdà, àmọ́ ẹ lọ kà á, ìwé kábọ́ì lẹ máa kà, màlúù ò ní fi bẹ́ẹ̀ kọjá níwájú yín. Ẹ ò lè fi àwòrán ilẹ̀ wá ibi tí gbogbo ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, òun fúnra ẹ̀ kàn ń pè é ní aṣálẹ̀ olókè ni, kò kọjá bẹ́ẹ̀. Àwọn olùfẹ́ Zane Grey máa ń fi èyí bú u. Lójú tèmi, òun ló jẹ́ kó dáa. Kò kọ ìwé nípa Arizona, ó kọ ìwé nípa ibi tí àwọn òrìṣà ṣì ti ń rìn nílẹ̀, ó kàn wọ̀ wọ́n ní fìlà fífẹ̀ àti bàtà onírin ni. Bí ọdẹ bá ń sun ìjálá fún erin, ṣé ẹnikẹ́ni máa ń bi í pé erin yẹn, ìgbẹ́ wo ló ti wá?

Ó kọ ìtẹ̀síwájú ẹ̀, The Night Horseman, ó sì tún kọ The Seventh Man ní 1921, èyí tí mo rò pé ó dáa jù lọ nínú gbogbo ohun tó kọ pátá. Dan Barry ti fẹ́ Kate níbẹ̀, wọ́n ti bímọ obìnrin kékeré kan, orí òkè ni wọ́n ń gbé, gbogbo nǹkan ń lọ jẹ́jẹ́. Ọkùnrin kan tó ń sá fún òfin já lé wọn lórí, Dan ní kò sí wàhálà, òun á bá a gun ẹṣin ẹ̀ kí àwọn tó ń lé e lè máa tẹ̀ lé òun, ẹṣin náà ń jẹ́ Grey Molly. Àwọn tó ń lé e yìnbọn, wọ́n pa Grey Molly. Ẹṣin tí kì í ṣe tiẹ̀ pàápàá o. Ó bá búra pé ẹ̀mí ẹni méje ni òun máa gbà dípò ẹṣin yẹn. Ó sì bẹ̀rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ ṣe ń kà á, ẹ máa mọ̀ pé kò tọ́, ẹ máa mọ̀ pé orí ẹ̀ ti yí, ẹ ò ní lè gbé e sílẹ̀. Ó lójú ibì kan tó ti ń bá ọmọ ẹ̀ ṣeré pẹ̀lú ìkookò yẹn nínú ihò àpáta, ọmọ náà sì ti ń dà bíi tiẹ̀, ti igbó ti ń gùn ún, ojú Kate ni a fi ń wo gbogbo ẹ̀, ibẹ̀ ló ti yé mi pé ẹni tó kọ èyí kì í ṣe ẹni tó kàn ń wá owó oúnjẹ.

Ó sì ń wá owó oúnjẹ náà. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ owó, torí ibẹ̀ ni gbogbo orúkọ yẹn ti wá. Àwọn magasíìnì yẹn, iye ọ̀rọ̀ tí o bá kọ ni wọ́n fi ń sanwó fún ẹ. Sẹ́ǹtì kan fún ọ̀rọ̀ kan, iye tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ń gbà nìyẹn, wọ́n sì ń dúpẹ́. Ní 1919 ilé iṣẹ́ Street & Smith dá Western Story Magazine sílẹ̀, ìtàn kábọ́ì nìkan, kò sì pẹ́ tó fi ń jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí Faust kó dé ọ̀dọ̀ wọn lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó dé orí sẹ́ǹtì 5 fún ọ̀rọ̀ kan. Ẹ ṣe é ní ìṣirò: ìtàn tó jẹ́ ọ̀rọ̀ 60,000, dọ́là 3,000 nìyẹn, ní àwọn ọdún 1920! Frank Blackwell tó jẹ́ olóòtú níbẹ̀ ń gba ohun tó bá gbé wá. Àmọ́ magasíìnì ò lè gbé orúkọ ẹnì kan sórí ìtàn mẹ́ta nínú ẹ̀dà kan, ẹni tó rà á máa ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Bẹ́ẹ̀, Max Brand á mú ìtàn tó ń lọ díẹ̀díẹ̀, George Owen Baxter á mú òmíràn tó ń lọ díẹ̀díẹ̀, David Manning á mú èyí tó parí lẹ́ẹ̀kan náà, òǹkàwé á jókòó, á ní Baxter yìí mà dáa ju Brand lọ o, wọ́n á máa jà sí i, ọkùnrin kan náà ló ń gba gbogbo owó.

Sísanwó fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní ohun tó ń ṣe sí ìwé. Ẹ máa rí i nínú tiẹ̀. Ọkùnrin méjì ti yọ ìbọn síra wọn, wọ́n á ṣì sọ ọ̀rọ̀ ojú ewé méjì. Ṣẹ́rífù á béèrè ohun tí gbogbo wa ti mọ̀, ẹnì kan á tún sọ ọ́ fún un látìbẹ̀rẹ̀. Mo máa ń fò ó. Àwọn ìtàn kan wà tó jẹ́ pé ó hàn gbangba pé kò mọ ibi tó ń lọ nígbà tó bẹ̀rẹ̀, akọni á pàdé ẹni tí kò yẹ kó pàdé láàárín aṣálẹ̀ tó fẹ̀ tó báyẹn, a ó wá mọ̀ pé àbúrò ẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ obìnrin inú ẹ̀ ò ní iṣẹ́ ju kí wọ́n máa dúró lójú fèrèsé lọ. Bó ṣe ń kọ àwọn ará Mẹ́síkò, ẹlòmíì nínú yín máa ka ojú ewé kan á sì jù ú sílẹ̀, mi ò sì ní bá a jà. Ti àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà sàn díẹ̀, ó kọ ìtàn ọmọ òyìnbó kan tó dàgbà láàárín àwọn Cheyenne, Thunder Moon, ó gbìyànjú níbẹ̀, ẹ lè rí i pé ó gbìyànjú.

Láàárín gbogbo eléyìí, ọkàn ẹ̀ ń ṣe é. Àìsàn ọkàn gidi, láti 1921, kò sì jáwọ́ nínú ọtí. Ní àárín àwọn ọdún 1920 ó kó ìyàwó àtàwọn ọmọ lọ Yúróòpù, wọ́n tẹ̀dó sí Florence ní Ítálì, ilé ńlá tó wà lórí òkè, ọmọ ọ̀dọ̀, ìwé, àlejò. Ẹ wò ó ná, ọkùnrin kan jókòó sílùú tí Dante, akéwì ńlá yẹn, ti jáde wá, ó ń tẹ ìtàn nípa ẹni tó ń jalè báǹkì ní aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà, ó ń fi í ránṣẹ́ sí New York, owó ń bọ̀, gbèsè ń bọ̀ lẹ́yìn owó. Torí kò mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ní owó pamọ́. Iye tó bá wọlé, ó ti ná an kó tó dé, nígbà míì ó ti jẹ olóòtú lówó ìtàn tí kò tíì kọ.

Ewì ńkọ́? Ọwọ́ ló fi ń kọ ewì, pẹ̀lú gègé, kò jẹ́ fi táípùráítà fara kàn án. Láàárọ̀ tí ara ẹ̀ bá yá, ewì nìyẹn, ó lè lo gbogbo àárọ̀ lórí ìlà mélòó kan. Èyí ló ń fi orúkọ gidi ẹ̀ sí, Frederick Faust. The Village Street and Other Poems jáde ní 1922, Dionysus in Hades jáde ní 1931 ní Oxford, owó ara ẹ̀ ló fi tẹ èyí. Kò sẹ́ni tó rà á. Mo ti gbìyànjú láti fẹ́ràn ewì yẹn o, mo ti gbìyànjú gan-an ni. Ó mọ́, ó tò dáadáa, gbogbo òrìṣà Gíríìsì ló pé síbẹ̀, àmọ́ ó dà bí ẹni tó wọ aṣọ bàbá ẹlòmíì. Ẹni kan náà tó lè fi ìṣísẹ̀ ẹṣin dúdú kan mú irun orí ẹ dìde nínú ìtàn sẹ́ǹtì 15 ni, tó bá ti rántí pé ewì lòun ń kọ, ohùn ẹ̀ á le gbagidi. Ó jọ pé ẹ̀rù Homer, akéwì Gíríìsì tó kọ ìjà Troy, ń bà á. Nínú ìtàn kábọ́ì, Homer ò sí níbẹ̀ láti wò ó.

Nígbà tí ọ̀dá owó ti 1929 dé, àwọn magasíìnì yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í gé owó, sẹ́ǹtì 5 ò dúró mọ́. Aṣojú ẹ̀, Carl Brandt, tì í lọ sọ́dọ̀ àwọn magasíìnì olówó tí bébà wọn ń dán. Destry Rides Again wà lára ohun tó kẹ́yìn ìgbà dídùn yẹn, ọdún 1930, Twelve Peers ni wọ́n pè é nínú magasíìnì kó tó di ìwé. Ìgbìmọ̀ ẹni méjìlá dá Harry Destry lẹ́bi olè tí kò jà, ó lọ sẹ́wọ̀n, ó dé, ó ń ṣe bí ẹni tí ẹ̀wọ̀n ti bà jẹ́, ó ń gbọ̀n, ó ń bẹ̀rù ojú, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn méjìlá yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, tẹ́ni tó fọkàn tán jù sì ni ọ̀tá ẹ̀ gan-an. Ìwé náà dáa. Fíìmù 1939 tí gbogbo ayé mọ̀, ti James Stewart àti Marlene Dietrich, orúkọ ìwé nìkan ni wọ́n mú, ìtàn inú ẹ̀ ò bára tan rárá, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé òun ti wo fíìmù òun ò nílò ìwé.

Àti Dókítà Kildare, dókítà inú ìtàn yẹn! Òun náà ló dá a sílẹ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ kan tó jẹ́ dókítà oníṣẹ́ abẹ ní New York, ìtàn tí ọ̀rẹ́ yẹn ń sọ fún un nípa ọsibítù ló sọ di Internes Can't Take Money nínú magasíìnì Cosmopolitan ní 1936. Fíìmù dé ní 1937, ilé iṣẹ́ fíìmù MGM gbà á lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó di fíìmù lórí fíìmù, ó di rédíò, lẹ́yìn ikú ẹ̀ ó di eré tẹlifíṣàn láti 1961 sí 1966. Ó kó lọ Hollywood ní 1938, ó ń kọ fún àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù, owó dáa, ó ń mu ú tán. Mi ò fẹ́ sọ púpọ̀ nípa ìgbà yẹn torí kò sí nǹkan tó ń múni lórí wú nínú ẹ̀, òǹkọ̀wé jókòó sí ọ́fíìsì, ó ń tún ìwé ẹlòmíì kọ.

Ogun kejì ló bá dé. Ọkùnrin yìí ti lé ní 50, ọkàn ẹ̀ ò dáa, ó ti tóbi, ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ mẹ́ta. Ó ní òun á lọ. Ogun àkọ́kọ́ tí kò jẹ kó wọlé yẹn, kò gbàgbé ẹ̀. Harper's Magazine gbà á gẹ́gẹ́ bí akọ̀ròyìn ojú ogun, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Ítálì, orílẹ̀-èdè tó ti gbé bí ọba ní Florence, ó wá ń sùn nínú ihò pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ ti ẹ̀ka 88th Infantry Division. Ohun tó fẹ́ kọ ni ìwé nípa bí ọmọ ogun lásán ṣe ń gbé e, kì í ṣe ti ọ̀gágun. Àwọn ọmọ yẹn ti ń ka Max Brand láti kékeré, ẹ wo irú nǹkan yẹn. Ó ní tí wọ́n bá ti ń lọ, òun náà á bá àwọn tó wà níwájú lọ, kì í ṣe pé òun á dúró lẹ́yìn máa fi awò wo ó. Alẹ́ ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún 1944 ni wọ́n kọlu ìlà Gustav tí àwọn Jámánì ń ṣọ́, nítòsí abúlé Santa Maria Infante. Àfọ́kù ọta ńlá kan ba Faust. Wọ́n ní nígbà tí àwọn olùtọ́jú dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ tọ́jú àwọn ọ̀dọ́ ọmọ ogun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ọjọ́ 12 ló kú, ó ku ọjọ́ 17 kó pé ẹni ọdún 52. Ilẹ̀ ìsìnkú àwọn Amẹ́ríkà ní Nettuno ni wọ́n sin ín sí.

Àwọn èèyàn máa ń ní ikú yẹn dà bí ti inú ìwé ẹ̀. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀, akọni inú ìwé ẹ̀ ò jẹ́ ní kí wọ́n tọ́jú ẹlòmíì, ìbínú ni ì bá máa bá lọ. Ẹni tó kú ní Santa Maria Infante sàn ju Dan Barry lọ.

Ìwé ò sì dúró. Ohun tó wà nínú magasíìnì tí wọn ò tíì sọ di ìwé pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tó kú, ìwé “tuntun” Max Brand ṣì ń jáde. Robert Easton tó fẹ́ ọmọ ẹ̀ obìnrin kọ ìtàn ayé ẹ̀ ní 1970, ẹni tó bá fẹ́ gbogbo ẹ̀ látòkèdélẹ̀, ìyẹn ni kó wá.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má lọ mú èyíkéyìí tó bá ṣáà wà lórí igbá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú The Untamed, kẹ́ ẹ sì ní sùúrù fún orí mẹ́ta àkọ́kọ́ torí èdè ẹ̀ pọ̀ díẹ̀. The Night Horseman, ẹ lè sáré ka ìyẹn, ó fà jù, ọ̀jọ̀gbọ́n tó wà nínú ẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ jù. Lẹ́yìn náà The Seventh Man, kẹ́ ẹ má ṣe kà á lálẹ́ tí iṣẹ́ bá wà láàárọ̀. Ẹ fi Destry sí ìkẹyìn. Ẹ ó máa bá àwọn tó ń bú Kate pàdé, torí ohun tó ṣe fún ọkọ ẹ̀ ní òpin The Seventh Man, pé ọ̀dàlẹ̀ ni, pé kò nífẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó. Ẹ máà dá wọn lóhùn. Obìnrin yẹn ní ọmọ láti tọ́, ọkọ ẹ̀ sì ti pa ẹni mẹ́fà nítorí ẹṣin, ẹ̀yìn Kate ni mo wà ní tèmi.